Kí ni ìtumọ̀ ẹmu tí wọ́n ń ta sílẹ̀ fún Ògún níwájú ọkọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ń to ọkọ̀ kékeré kan fúnra mi lẹ́yìnkùlé wa l'Ọ́yẹ̀ẹ́-Èkìtì. Ó ku kí n to ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Bàbá mẹkáníìkì tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n wá ẹmu àti màrìwò kí táyà tó kan títì. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé dandan ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Nítòsí yín ni ìtàn ẹmu yẹn ti ṣẹ̀, ní Ìrè-Èkìtì. Wọ́n ní Ògún ti ojú ogun dé, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ará ìlú níbi àpéjọ kan tó jẹ́ èèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni fọhùn. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó gbé akèrègbè ẹmu, òfìfo ni. Ó gbé òmíràn, òfìfo. Ó rò pé wọ́n fi òun wọ́lẹ̀ ni, ló bá fa idà yọ, ó pa wọ́n. Nígbà tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, àbámọ̀ mú un, ó sì wọlẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n fi ń kì í pé, "Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀." Ẹni tó ta ẹmu sílẹ̀ ń wí fún un pé akèrègbè tòun kò ṣófo, kó má bínú. Màrìwò sì ni aṣọ rẹ̀.

Ohun tó jinlẹ̀ jù níbẹ̀, lójú tèmi, ni ìbúra. Ògún la fi ń búra. Kódà ní kóòtù, abọ̀rìṣà a máa fi ẹnu kan irin níbi tí Kristẹni ti ń di Bíbélì mú. Ẹni tó ta ẹmu síwájú ọkọ̀ ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ jẹ́rìí sí gbogbo bóòtù tó dè.

Nítorí náà, iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú ẹmu. Má fún bóòtù búùṣì àámù, ìyẹn ibi tí apá irin tó gbé táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀, pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Sọ ọ́ kalẹ̀, kó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ jókòó lórí táyà ná, kí o tó wá fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà inú búùṣì á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó rìn rárá, kò sì ní pẹ́ ya. Nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so apá yẹn mọ́ ìdí táyà, ki pín-ìn-nì tuntun bọ̀ ọ́, kí o tẹ ẹnu rẹ̀. Sípíríǹgì tí a fún pọ̀ lè pa èèyàn bó bá já: má fi okùn tàbí wáyà dè é láéláé, yá irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un. Lẹ́yìn náà, gbé ọkọ̀ lọ fún aláínmẹ́ǹtì, kí wọ́n to táyà rẹ̀ kó dọ́gba.

Kì í ṣe dandan. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì l'Ékìtì jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, àdúrà ni wọ́n ń gbà, ọkọ̀ wọn sì ń rìn. Bí o bá fẹ́ ṣe é, bàbá yẹn fúnra rẹ̀ ni kó ta á, òun ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí i. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi sípánà dán gbogbo bóòtù wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹmu tó kan ilẹ̀.