Iye tí wọ́n ń pè fún àjèjì lọ́jà Tàílándì

Ẹ̀yin arákùnrin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Bangkok, tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni àwọn ọlọ́jà ń pe owó gọbọi fún àjèjì, àti ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i: lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe sọ fún yín. Àdúgbò Ramkhamhaeng ni mò ń gbé, ọjà aṣọ tí wọ́n ń pè ní Pratunam ni mo ti ń ra aṣọ ránṣẹ́ sílé, ohun tójú mi sì ti rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ ya ti ìjọba sọ́tọ̀, nítorí níbẹ̀ òfin ni, kì í ṣe ìwà ọlọ́jà kan. Ní igbó ọba Khao Yai, 40 báàtì, owó ilẹ̀ Tàílándì, ni àgbàlagbà ọmọ onílẹ̀ ń san láti wọlé, àjèjì ń san 400. Ní Grand Palace, ààfin ọba ní Bangkok, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ onílẹ̀, 500 ni fún àjèjì. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé nọ́ńbà Thai ni wọ́n fi ń kọ iye ti ọmọ onílẹ̀ sára pátákó, ๔๐ dípò 40, kí àjèjì má baà kà á. Ẹ kọ́ nọ́ńbà náà, mẹ́wàá péré ni. Bẹ́ ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ilẹ̀ wọn, tàbí káàdì pínǹkì tí wọ́n ń fún àjèjì tó ń gbébẹ̀, ẹ mú un jáde. Àwọn kan á gbà á, àwọn míì á kọ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wọn, tó ń san owó orí fún wọn, kì í ṣe ẹni tó wá ṣe fàájì ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ ọmọdébìnrin tó jókòó sídìí tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ṣòfin, ẹ má bá a jà.

Ó wá ku ọjà. Ibi tí iye bá ti wà lára ọjà, bíi Big C, Makro tàbí 7-Eleven, iye kan náà ni gbogbo wa ń san. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ibi oúnjẹ tó wà nínú ilé ìtajà ńláńlá. Ibi tí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí ni wọ́n ti ń wo ojú kí wọ́n tó pe owó. Òfin ọdún 1999 ní kí ọlọ́jà kọ iye ọjà rẹ̀ síta, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 10,000 báàtì. 1569 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè láti fẹjọ́ sùn. Bó bá jẹ́ ọjà olówó ńlá, ẹ pè é. Ìyá tó ń ta èso lẹ́bàá ọ̀nà, èmi ò ní pe ìjọba sí i láéláé.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kan wà ládùúgbò wa. Ó ta èso fún obìnrin tó wà níwájú mi ní 40 báàtì kílò kan, ó yíjú sí mi, ó pe 60. Mo kí i, mo pè é ní “pa”, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó ju ìyá ẹni lọ lọ́jọ́ orí, mo sì sọ “sì síp”, ogójì, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ̀n ọ́n fún mi, ó tún fi kan lé e. Ká ní mo gbóhùn sókè ni, ojú ì bá tì í lójú àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, kò sì ní tà fún mi mọ́. Nílẹ̀ yẹn, ẹni tó bá pariwo ti pàdánù. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo ti ń ra èso di òní, kì í sì í pe iye àjèjì fún mi mọ́.

Pratunam ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń pè ní ìrẹ́jẹ níbẹ̀, iye ẹyọ kan ni. Alárátúntà ni wọ́n ń retí. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ ẹ bá mú mẹ́ta, iye náà á wálẹ̀, ọmọ Thai tó bá mú ẹyọ kan náà á san iye ẹyọ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè “èló ni?”, ẹ béèrè “rakha song”, ìyẹn iye ti alárátúntà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, wọ́n á nà án sí yín. Ẹ̀yin náà ẹ tẹ tiyín, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu, torí ọlọ́jà kì í fẹ́ dín owó kù létí oníbàárà mìíràn. Ẹ tètè jí lọ. Wọ́n gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ rajà láàárọ̀ ló ń ṣí ọjà, mo ti rí wọn tí wọ́n ń fi owó àkọ́kọ́ yẹn lu ọjà káàkiri fún oríire. Gbogbo wa ṣáà mọ ohun tí ẹni àkọ́rà jẹ́ nílé. Ẹ̀dínwó tí wọn ò ní gbà lọ́sàn-án, wọ́n á gbà á láàárọ̀. Àmọ́ bí ọlọ́jà bá ti gba iye tẹ́ ẹ pè, ẹ rà á o. Ẹni tó ná ọjà tán tó kọ ẹ̀yìn ń ba ojú gbogbo wa jẹ́, torí ojú aláwọ̀ dúdú kan ni wọ́n ń rí nínú gbogbo wa.

Ní ti fáànù, fóònù, táyà ọ̀kadà àti irú wọn, ẹ kọ́kọ́ wo iye rẹ̀ lórí Shopee tàbí Lazada, àwọn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn yẹn ò rí ojú yín. Iye tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ gbé lọ ná an ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ rà á lórí fóònù, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ sanwó nígbà tí ọjà bá délé.