Mọ́tò sípọ́ọ̀tì kékeré tó fúyẹ́: ṣé kí n dúró de tuntun ni, àbí kí n ra àlòkù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá mọ́tò sípọ́ọ̀tì kékeré kan: oníjókòó méjì, tí kò wúwo, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni èèyàn fi ń yí jíà rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù sì lè rà láìjẹ gbèsè. Èyí tí mo bá rí lára àwọn tuntun, bí kò bá wúwo jù, owó rẹ̀ á ga ju agbára mi lọ. Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ kò mọ̀ pé a pọ̀ tí à ń fẹ́ irú rẹ̀ ni? Ṣé kí n ní sùúrù títí wọn yóò fi ṣe é, àbí kí n lọ ra àlòkù? Tó bá jẹ́ àlòkù, kí ni kí n yẹ̀ wò? Ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ ta Mazda MX-5 àtijọ́ kan fún mi tí wọ́n ti so tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Mọ́tò tí ẹ ń ṣàpèjúwe yìí, wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Tí owó yín bá ká tuntun, Mazda MX-5 ló sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá jù. Tí kò bá ká a, ẹ ra àlòkù tí ara rẹ̀ ṣì le, kí ẹ sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù tọ́jú rẹ̀. Títú irú àwọn mọ́tò wọ̀nyí palẹ̀ àti títún wọn tò niṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín ti dárúkọ ohun tó ṣe pàtàkì jù: kí ó má wúwo. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá mọ́tò sípọ́ọ̀tì, agbára ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ìwọ̀n ni èmi máa ń béèrè. Ká ní mọ́tò kan wọn 1,000 kìló, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ní agbára ẹṣin (horsepower) 130. Tí ẹ bá fẹ́ kí mọ́tò mìíràn tó wọn 1,600 kìló lè máa bá a fò dìde dọ́gba, agbára ẹṣin 208 ni ẹ máa fún un. Ẹ́ńjìnnì tó ní agbára tó bẹ́ẹ̀ nílò rédíétọ̀ tó tóbi sí i, jíà tó le sí i, epo tó pọ̀ sí i nínú táǹkì, gbogbo rẹ̀ ló sì tún ń fi kìló kún kìló. Bí mọ́tò ṣe ń sanra nìyẹn, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó pé òun fẹ́ kó sanra.

Ẹ wo ti bíréèkì. Kí mọ́tò 1,000 kìló tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí tó lè dúró, bíréèkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ agbára tó tó nǹkan bí 386 kilojoule di ooru. Fún ti 1,600 kìló, ó di nǹkan bí 617. Ooru yẹn náà ló ń jẹ páàdì, òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ yín máa rì wọlẹ̀ lórí bíréèkì lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gígùn. Táyà náà ní tirẹ̀: tí ẹ bá sọ ẹrù orí rẹ̀ di ìlọ́po méjì, bó ṣe ń di ilẹ̀ mú yóò pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ kò ní tó ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tó fúyẹ́ fi lè gba kọ́nà dáadáa lórí táyà tínínrín. MX-5 àkọ́kọ́, táyà 185/60 (tó fẹ̀ tó mílímítà 185) lórí wíìlì íǹṣì 14 ni wọ́n fi gbé e jáde, kò sì sí ẹni tó wà á tó ní kọ́nà ṣòro fún un.

Ẹ tún béèrè bóyá àwọn ilé iṣẹ́ kò mọ̀. Wọ́n mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú mọ́tò yìí ti gbilẹ̀ tẹ́lẹ̀: Austin-Healey Sprite jáde ní 1958, MG Midget tẹ̀ lé e, Triumph Spitfire dé ní 1962. Kékeré ni gbogbo wọn, owó wọn kò pọ̀, èròjà ọkọ̀ ilé lásán ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ara wọn. Kí 1980 tó parí, Midget àti Spitfire ti kásẹ̀ nílẹ̀, MGB tó tóbi ju Midget lọ náà sì bá wọn lọ. Àyè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo títí Mazda fi ṣí aṣọ lójú MX-5 ní Chicago ní 1989, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 1.6, tí gbogbo ara rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù kan. Oníròyìn ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Bob Hall ló ti sọ ọ́ fún Kenichi Yamamoto ti Mazda ní 1979 pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló gbà wọ́n. Ní 2016 wọ́n ṣe èyí tó pé mílíọ̀nù kan.

Ta ló tún wá tẹ̀ lé wọn? Ẹni tó dúró títí di òní kò pọ̀, owó ló sì fà á. Iye tí ilé iṣẹ́ ń ná láti ya àwòrán mọ́tò tuntun, láti fọ́ ọ mọ́ ògiri wò, láti gba ìwé àṣẹ lórí èéfín rẹ̀, kò dín kù torí pé mọ́tò náà kéré. Tó bá jẹ́ jíìpù ni wọ́n ṣe, orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọn yóò gbé mọ́tò ilé mẹ́ta mẹ́rin kà. Mọ́tò oníjókòó méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú tí táyà ẹ̀yìn ń tì í, ìpìlẹ̀ tirẹ̀ kì í bá òmíràn mu. Ìdí nìyẹn tí Toyota àti Subaru fi da owó pọ̀ kí GT86 àti BRZ tó lè jáde ní 2012, tí wọ́n sì ń to Fiat 124 Spider ti 2016 ní Hiroshima, nínú ilé iṣẹ́ kan náà tí MX-5 ti ń jáde. Toyota gbé èyí tó kéré sí i wá síbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Tokyo ní 2015, S-FR ni wọ́n pè é. Ó wu gbogbo ayé, kò sì délé ìtajà.

Òfin náà dá kún un. Láti oṣù keje 2024, mọ́tò tuntun tí wọ́n bá ń tà nílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó ń dá tẹ ara rẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ ìṣọ́ mìíràn. Toyota kò ta GR86, tó rọ́pò GT86, níbẹ̀ mọ́ nítorí rẹ̀. Mi ò ní bú òfin tó ń gba ẹ̀mí là, àmọ́ owó rẹ̀ máa ń ni mọ́tò kékeré lára ju ti ńlá lọ. Àwọn tó ń retí pé iná mànàmáná ló máa tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, kí wọ́n rántí Tesla Roadster ti 2008. Iṣẹ́ Lotus, ilé iṣẹ́ mọ́tò sípọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ bátìrì rẹ̀ nìkan tó nǹkan bí 450 kìló.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àwa tí a fẹ́ràn mọ́tò wọ̀nyí kì í fẹ́ gbọ́. Ariwo tí à ń pa pọ̀, àmọ́ tí mọ́tò náà bá jáde, àá ní ká jẹ́ kó di àlòkù ná. Kọ́bọ̀ kan kì í délé iṣẹ́ lára àlòkù. Tí owó yín bá ká tuntun lóòótọ́, tọkàntọkàn ni mo fi bẹ̀ yín pé kí ẹ ra tuntun, torí ohùn ẹni tó sanwó tuntun nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ó yá, ká wá sọ ti àlòkù. MX-5 ni màá kọ́kọ́ ní kí ẹ wá, torí èròjà rẹ̀ pọ̀, kò sì ṣòro láti tún ṣe. GT86 tàbí BRZ dára tí ẹ bá ní ọmọ kékeré tó máa jókòó sẹ́yìn. Ó wúwo díẹ̀ ju MX-5 lọ, ó ń lọ sí 1,240 kìló, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ara rẹ̀ ní mọ́tò sípọ́ọ̀tì. Toyota MR2 tó jáde ní ìparí ọdún 1999 dùn ún wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà láàárín, ẹ kàn má retí àyè ẹrù níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀: ohun tó ń fọ èéfín mọ́, tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, lè máa rún, kí ẹ́ńjìnnì sì fa ìyẹ̀fun rẹ̀ padà sínú sílíndà. Tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń mu ọ́ìlì bí omi.

Lotus Elise ti 1996 ni mọ́tò tí mo fẹ́ràn jù láti wà nínú gbogbo wọn. Nǹkan bí 725 kìló ni, alùmíníọ̀mù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni egungun rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: tó bá ti fara gbá nǹkan gidi, kò sí wẹ́dà tó máa jó o padà. Gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì Rover tó wà nínú rẹ̀ náà máa ń bẹ́. Àwọn kékeré Japan bíi Honda Beat àti Suzuki Cappuccino, 660 cc péré ni ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n sì dára gan-an, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn gbogbo wọn wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ti máa rí èròjà kí ẹ tó sanwó.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta MX-5, ẹ fi bóńẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Ẹ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, níbi tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn ti pàdé táyà ẹ̀yìn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Irin tó yè kì í mì. Tí ọ̀dà bá wú bí ìléròrò, tàbí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohun dúdú kun ibẹ̀ nìkan, irin ti dógùn-ún láti inú wá. Ohun tó ń fà á kò ju ewé lọ. Òrùlé aṣọ rẹ̀ ní ihò méjì tí omi òjò ń gbà ṣàn sílẹ̀, ẹ̀yìn ìjókòó ló wà lápá méjèèjì. Bí ewé àti eruku bá ti dí i, omi yóò dúró sínú irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onímọ́tò, ẹ rọra da ife omi kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo iwájú táyà ẹ̀yìn. Omi gbọ́dọ̀ jáde síta níbẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó tutù. Fún ìran kejì rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1998, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mọ́tò sókè kí ẹ lè wo igi irin gígùn méjì tó wà lábẹ́ iwájú. Ìpele méjì ni irin náà, inú ló ti máa ń jẹrà kí ojú tó rí i.

Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣe kọ́kọ́kọ́ díẹ̀ ní àárọ̀ kò dẹ́rù bà mí, kíláàṣì (clutch) tí omi rẹ̀ ń jò sílẹ̀ náà kò tó nǹkan. Nǹkan tó ń pa mọ́tò yìí ni ìpáàrà.

Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà, níparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ mọ́tò wọ̀nyí ni wọn kì í wà púpọ̀, táyà á jinlẹ̀ lójú, àmọ́ ó ti gbó, ó ti le bíi pákó. Táyà tuntun dáadáa mẹ́rin, omi bíréèkì tuntun, àti kí ẹni tó mọṣẹ́ tò ó kí táyà rẹ̀ dúró gún: ibẹ̀ ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ. Ẹ má fi wíìlì ńlá tó wúwo sí i nítorí ẹwà. Kìló tó wà lára wíìlì ni èyí tí sípíríǹgì kò lè gbé fún yín.

Ní ti olónítọ́bò yẹn, màá ní kí ẹ fi sílẹ̀, àfi tí ẹni tó ń tà á bá lè kó ìwé jáde tó fi ẹni tó so ó hàn, ẹni tó tò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà, àti ìgbà tó ṣe é. Àwọn 1.6 àkọ́kọ́, dífárẹ́ńṣà wọn, irin tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kéré, agbára tó bá pọ̀ jù máa ń fọ́ ọ. Kíláàṣì àti rédíétọ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà. Bí ìwé bá sì pé, ẹ sọ fún un ṣáájú pé kó má tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bóńẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ ní ẹ máa padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè fi àléébù rẹ̀ pamọ́.