Kí ló dé tí fóldà autofs fi ń ṣófo lẹ́yìn tí iná bá dé?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ní ọ́fíìsì yín n'Íbarà, l'Abẹ́òkúta, bí iná bá lọ tó sì padà dé, tẹ́ ẹ bá tẹ `ls /data`, ẹ kì í rí nǹkan kan. Ìyẹn nìkan ò tíì fi hàn pé nǹkan bàjẹ́. Autofs, ètò Linux tó ń so fóldà orí server (kọ̀ǹpútà tó ń pín fáìlì) mọ́ kọ̀ǹpútà yín, kì í gbé fóldà wá àfi tí ẹnìkan bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú `ls /data/owo` (ẹ fi orúkọ fóldà tiyín dípò `owo`).

Tó bá kọ̀, ẹ wo server. `showmount -e` pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ máa sọ ohun tó ń pín; tó bá jẹ́ NFSv4 (ẹ̀yà kẹrin NFS, ìlànà pínpín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) nìkan ló ń lò, ó lè má dáhùn, kí ẹ yẹ pọ́ọ̀tù 2049, ẹnu ọ̀nà NFS, wò.

Ibi tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú rèé: kọ̀ǹpútà yín lè tètè tàn ju server lọ. Autofs á wá a, kò ní rí i, á sì rántí ìkùnà yẹn fún ìṣẹ́jú-àáyá 60. Títí ìyẹn á fi pé, kò ní tún gbìyànjú, kódà bí server ti jí. Ẹ dúró díẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ `sudo systemctl restart autofs`.

Tó bá kọ "Stale file handle" (ìyẹn ni pé ìsopọ̀ àtijọ́ mọ́ fóldà náà ò ṣiṣẹ́ mọ́) ńkọ́? Ẹ tẹ `sudo umount -l /data/owo`, kí ẹ tún pe fóldà náà.

Tó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ dá autofs dúró, ẹ tẹ `sudo automount -f -v`, ẹ wá pe fóldà náà láti tẹ́mínà míì. Ẹ ka ohun tó bá kọ síbẹ̀ dáadáa. Èmi sábà máa ń rí i pé ráútà ló fún server ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun nígbà tí iná dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún server ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà.