Ìbéèrè Yín: Dáìsì Mẹ́ta, Ìhámọ́ra àti Oṣó Tó Ń Ráhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń darí eré Dungeons & Dragons fún àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin ní alaalẹ́ Jímọ̀, eré orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe ẹnì kan nínú ìtàn, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tó dáwọ́ lé á bọ́ sí i. Dáìsì olójú ogún yìí ti sú wa. Jagunjagun wa tó ti ń fi idà jẹun láti kékeré á ju 2, oṣó tí kò gbé idà rí á ju 19. Mo fẹ́ ká máa da dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́ta dípò rẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ìhámọ́ra máa dín ọgbẹ́ kù, kó má kàn jẹ́ pé ó ń mú kí wọ́n ta èèyàn tì. Kí lẹ rí sí i? – Àbúrò yín, Peckham

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí lúdò. Ẹni tó bá ti ta á rí mọ̀ pé tí a bá da dáìsì méjì, àròpọ̀ méje ló máa ń wá jù, mẹ́fà méjì kì í dédé wá. Tó bá wá di mẹ́ta, ó tún le sí i: 10 àti 11 nìkan á gba ìdá 25 nínú 100, 18 ò sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 216. Olójú ogún ò mọ àárín, kò mọ etí. Ìdá 5 ni fún ojú kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí oṣó yín fi ń rí 19.

Jagunjagun rẹ á yọ̀. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Ẹni tó nílò 11 sókè kó tó bá ọ̀tá, ìdá 50 ni lọ́nà méjèèjì. Fún un ní àfikún 2 péré, ìyẹn iye tá a ń rò mọ́ ohun tí dáìsì bá mú wá, kó wá nílò 9: lórí olójú ogún ó di 60, lórí dáìsì mẹ́ta ó di 74. Tó bá nílò 16 ńkọ́? Olójú ogún á fún un ní 25. Dáìsì mẹ́ta ò ní fún un tó 5.

Mo gbìyànjú ẹ̀ rí. Ẹnì kan wà nídìí tábìlì mi tó wọ irin látorí délẹ̀, tó tún gbé apata, ìhámọ́ra rẹ̀ jẹ́ 20, ìyẹn iye tí dáìsì ọ̀tá àti àfikún rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kó tó bá a. Goblin mẹ́fà, àwọn iwin kékeré oníjà, yí i ká, àfikún 4 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó túmọ̀ sí pé wọ́n nílò 16. A yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó bá a. Ọ̀gbẹ́ni yìí ń jẹ chin-chin, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ẹja tí wọ́n máa rà. Ìjà rèé o!

Tó o bá máa ṣe é, sọ gbogbo àfikún di ìdajì, kí 16 sókè sì rọ́pò 20 tó ń sọ ọgbẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ní ti ìhámọ́ra, wọ́n ti rò ó ṣáájú rẹ. Ní 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré yìí jáde, ìhámọ́ra wà kí wọ́n lè ta ọ́ tì ni. Nínú RuneQuest, irú eré bẹ́ẹ̀ mìíràn tó jáde ní 1978, ó ń gba ọgbẹ́ sára. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n fi ọ̀bẹ wò ó: dáìsì olójú mẹ́rin ni ọgbẹ́ rẹ̀. Tí irin bá ń yọ 3 kúrò, 1, 2 àti 3 di asán, 4 ló kù tó ń fa ọgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ṣe olè nínú eré yín á ti ta ọ̀bẹ rẹ̀ kí Jímọ̀ kejì tó pé. Jọ̀ọ́, má ṣe àyípadà méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà, o ò ní mọ èyí tó ba eré jẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fọwọ́ kan dáìsì rárá. Nínú òfin Dungeons & Dragons ti 2014, ẹni tó bá wà níbi tó fún un láǹfààní máa ń ju olójú ogún méjì, á mú èyí tó ga jù. Ẹni tó nílò 11 á fò láti 50 sí 75. Fún jagunjagun rẹ láyè yìí lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà kọ̀ọ̀kan, kí o wo bójú ẹ̀ á ṣe rí.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ọmọ mi ló ń ṣe oṣó nínú eré yìí, agbára oṣó rẹ̀ ti ga dé ipele 5. Ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé ọfọ̀ òun tètè ń tán. Ṣé kí n fún un ní òǹkà agbára tó lè ná bó ṣe wù ú? – Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ rọra. Ìwé adarí eré ti 2014 ní irú òfin bẹ́ẹ̀: ọfọ̀ náà ní ipele tirẹ̀, ti ipele kìíní ń jẹ 2 nínú òǹkà náà, ìkejì 3, ìkẹta 5, oṣó ipele 5 sì ní 27 lóòjọ́. Tẹ́lẹ̀, àyè ẹ̀ẹ̀mejì ló ní láti ju bọ́ọ̀lù iná, tó jẹ́ ọfọ̀ ipele kẹta. Pẹ̀lú 27, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, dáìsì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, 2 á tún ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ á wá di ẹni tó ń gbé ẹrù tẹ̀ lé e. Ẹ fún un, ṣùgbọ́n kí ọfọ̀ tó ga jù má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Tó bá tún ráhùn, ẹ gbé e fún àbúrò rẹ̀ kó ṣe oṣó fún ọ̀sẹ̀ kan.