Bátìrì kejì nínú Prado: kí oní-rewire tó so wọ́n pọ̀, ẹ gbọ́ tèmi

Bọ̀dá tó béèrè pé oní-rewire òun, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní kí òun kàn ra bátìrì kan sí i sínú Prado òun, kí òun sì jẹ́ kó so orí pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kó parí síbẹ̀: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fún un lówó. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún èmi náà nìyẹn. Bátìrì kejì gan-an ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí, owó lásán ni. Ohun tí ẹ máa fi sáàárín bátìrì méjèèjì niṣẹ́ wà.

Oògùn adìyẹ ni mò ń tà. Ọbáńtokò l'Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, àmọ́ àwọn oníbàárà mi fọ́n ká oko, láti Ọ̀dẹ̀dá dé Òpéjì dé Ìmálà. Àjẹsára Lasota àti ti Gumboro kò bá ooru rẹ́ rárá. Láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà láti ṣọ́ọ̀bù títí ó fi máa dé ẹnu adìyẹ. Kúlà àti yìnyín ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ oòrùn Abẹ́òkúta lóṣù kẹta. Mo wá ra fíríìjì kékeré oní 12 volt, èyí tó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀, mo gbé e sí bùútù Prado 2005 mi, mo ki wáyà rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n ń pè ní ti sìgá, mo bá tèmi lọ. Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo lọ sí oko kan lẹ́yìn Ìmálà, lápá odò Ọ̀yán. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń fún adìyẹ ní àjẹsára inú omi, kí oòrùn tó mú, torí náà mo sùn síbẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo pa ọkọ̀. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yí kọ́kọ́rọ́: tá-tá-tá-tá. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn ọmọ oko ti jáde, àwọn mẹ́fà, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní àwọn máa tì í. Ọkọ̀ automatic! Ẹ tì í dé Ayétòrò, kò ní dá yín lóhùn. A dúró de pickup ẹnì kan títí di aago mẹ́wàá kó tó wá fi wáyà fún wa níná. Nígbà yẹn àjẹsára mi ti gbóná, mo dà á nù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, èmi ni n kò ṣe é. Fíríìjì yẹn ń fa bí 4 amp nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, nínú ọkọ̀ tó gbóná ó sì ń ṣiṣẹ́ ju ìdajì àkókò lọ. Wákàtí 15, ó ti fa nǹkan bí amp-hour 35 (ìyẹn amp tó ń fà lọ́nà iye wákàtí tó fi ń fà á). Bátìrì tó wà níwájú jẹ́ amp-hour 75, ó sì ti lo ọdún mẹ́ta. Kì í tún ṣe irú iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn. Àwo òjé inú bátìrì ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì pọ̀, kó lè tú agbára ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan fún kick starter tó ń jí ẹ́ńjìnnì, kí alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti ṣe iná, sì dá ohun tó ná padà kíá. Bí ẹ bá ń fà á gbẹ mọ́jú lemọ́lemọ́, ẹ ń pa á ni. Bátìrì tí wọ́n ṣe fún fífà pẹ́, àwo tirẹ̀ nípọn. Àwọn tó ń ta ti inverter máa ń pè é ní deep cycle.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ oní-rewire nìyẹn. Ó bá mi ra bátìrì tòkúnbọ̀, ó gbé e sí bùútù, ó fa wáyà kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó so wọ́n pọ̀, ó gba owó rẹ̀. Wákàtí méjì. Mo tún fún un lówó ọtí.

Bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀ láìsí ohun tó ń yà wọ́n dà bí àgbá omi méjì tí páìpù so nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń jò, méjèèjì ló ń jò. Fíríìjì ń fa ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn ń fa ti iwájú, tòkúnbọ̀ tó ti rẹ̀ sì ń mu nínú èyí tó ṣì lágbára tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí fíríìjì bá wà ní pípa. Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, bátìrì méjì ló kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti náwó kí n lè ní ìlọ́po méjì ìṣòro.

Mo rò pé bátìrì ni kò dáa, mo ra òmíràn, mo fi wáyà náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ló mú mi kọ gbogbo èyí. Wáyà yẹn gba inú ihò kan lára irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí a ń jókòó sí. Kò sí rọ́bà lẹ́nu ihò náà. Kò sí fíùsì níbì kankan. Gbogbo gálọ́ọ̀pù tí ọkọ̀ bá kó sí, ẹnu irin yẹn ń gé ara wáyà díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan tí mò ń lọ sí Ọ̀dẹ̀dá, mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Mo rò pé ọkọ̀ tó wà níwájú mi ni. Nígbà tí èéfín yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni mo mọ̀ pé tèmi ni.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà ti pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Sípánà 10 tí n óò fi tú orí bátìrì, n kò rí i. Ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ ló wà, lábẹ́ jáàkì. Nígbà tí mo jàjà tú ti iwájú, èéfín kò dáwọ́ dúró! Mo dúró, mò ń wò ó bí ẹni tí wọ́n sà sí. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé bátìrì kejì wà ní bùútù, òun náà sì ń ti ẹ̀yìn rọ iná sínú wáyà kan náà. Mo sáré lọ sẹ́yìn, mo kó páálí oògùn kúrò lórí rẹ̀, mo fi àkísà dì í mú, mo fà á já. Àpá rẹ̀ wà ní àtàǹpàkò mi. Kápẹ́ẹ̀tì lápá awakọ̀ jó tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé 12 volt kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, òótọ́ ni pé kò ní gbé yín bíi ti NEPA, àmọ́ ó lè jó ọkọ̀ yín kanlẹ̀.

Torí náà, fíùsì méjì, bọ̀dá. Ọ̀kan lẹ́bàá bátìrì iwájú, ọ̀kan lẹ́bàá ti ẹ̀yìn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ sí orí pọ́sítíìfù. Oní-rewire yóò sọ pé ẹyọ kan tó. Kò tó, nítorí orí méjèèjì wáyà yẹn ló ní iná. Tèmi jẹ́ 100 amp lórí wáyà 25 mm² (bí ojú bàbà inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó bí ẹ bá gé e). Wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe fíríìjì, torí náà ẹ jẹ́ kí fíùsì kéré sí ohun tí wáyà lè gbé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irun wáyà mẹ́ta tí wọ́n lọ́ pọ̀ dí ojú ibi tí fíùsì yẹ kó wà. Mo ti rí i nínú ọkọ̀ àwọn àgbà olówó.

Ó ku ohun tó máa yà wọ́n. Swíìṣì ọwọ́ wà, tí ẹ máa fúnra yín pa bí ẹ bá pa ọkọ̀. Ẹ máa gbàgbé. Èmi gbàgbé lọ́jọ́ kẹrin. Díódì náà wà, tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo lọ, àmọ́ ó ń jẹ bí 0.7 volt lójú ọ̀nà, bátìrì ẹ̀yìn kò ní kún láéláé. Èyí tí mo ń lò ni relay, swíìṣì tó ń dá ara rẹ̀ tàn tó sì ń dá ara rẹ̀ pa, tó ń wo volt, VSR ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Bí alternator bá ti gbé bátìrì iwájú dé bí 13.3, yóò so méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tí volt sì wálẹ̀ dé bí 12.8, yóò yà wọ́n. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Fíríìjì lè mu ti ẹ̀yìn tán pátápátá, ti iwájú kò ní mọ̀.

Àmọ́ ẹ kò sọ ọdún tí Prado yín jáde. Tèmi tí í ṣe 2005, alternator rẹ̀ ń gbé bí 14 volt bó ti wù kó rí, VSR sì tó o. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà ló ń darí alternator. Bó bá rí i pé bátìrì ti kún, ó lè fa volt wálẹ̀ kó lè dín epo kù, VSR yóò sì rò pé ẹ ti pa ọkọ̀, yóò já wọn sílẹ̀ lórí eré. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, DC-DC charger, ẹ̀rọ tó ń gba iná alternator tó sì ń gbé volt rẹ̀ dé iye tí bátìrì ẹ̀yìn fẹ́, ni ẹ máa rà, ó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé mítà lé orí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin ogún ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wo ohun tó kọ.

Wáyà náà ṣe pàtàkì ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 6 mm², ó sì gùn tó mítà márùn-ún. Bí 40 amp bá ń kọjá nínú rẹ̀, ó ń pàdánù bíi 0.6 volt kó tó dé ẹ̀yìn. Alternator ń gbé 14, 13.4 ló ń dé bùútù. Pẹ̀lú 25 mm², àdánù náà kò tó 0.2. Wáyà àwọn wẹ́ldà ni mo rà, ó rọ̀, ó sì ń tẹ̀ síbi tó bá wù yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi abẹ ha ojú rẹ̀: bó bá funfun nínú, alumíníọ́mù ni wọ́n fi ọ̀dà bàbà kùn, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ kó wáyà náà sínú páìpù rọ́bà láti orí dé ìdí, kí ẹ sì fi rọ́bà sí ẹnu gbogbo ihò tó bá gbà kọjá. Nẹ́gẹ́tíìfù ẹ̀yìn lọ sára irin ọkọ̀, àmọ́ ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ dànù kó mọ́. Tèmi, ọmọ iṣẹ́ dè é lé orí ọ̀dà, fíríìjì ń pa ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé bátìrì ti tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá àléébù náà.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè lo bátìrì inverter àtijọ́ tó wà nílé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń da omi sí, rárá. Ó ga jù, ó wúwo, gálọ́ọ̀pù yóò da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde nígbà tó bá ń gba iná, inú ibi tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ jókòó sí. Ní bùútù, dry cell AGM ni kí ẹ lò, èyí tí wọ́n dé pa tí ásíìdì rẹ̀ kì í dà. Tèmi jẹ́ 100 amp-hour, ó wúwo tó bí kílò 30, torí náà mo ní kí wẹ́ldà ṣe férémù irin fún un, mo sì fi bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí ó má bàa wá bá yín níwájú.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, nẹ́gẹ́tíìfù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí wọ́n dè kẹ́yìn. Bí sípánà bá wà lórí pọ́sítíìfù tó sì fara kan irin ọkọ̀, ẹ máa rí iná. Ẹ bọ́ òrùka ìgbéyàwó.

Ohun kan tí wọn kò ní sọ fún yín lọ́jà: kò sí bátìrì tó máa kún láàárín ìrìn kúkúrú nígboro, bíi láti Kútọ̀ dé Panṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta. Ó ń fẹ́ ìrìn wákàtí mélòó kan, 14 volt ti Prado mi kò sì tó láti mú AGM kún dé góńgó. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù mo máa ń fi charger ilé gbà á mọ́jú, lóru tí NEPA bá ṣàánú wa.

Sípánà 10 ti wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi báyìí, mo fi okùn so ó mọ́ etí bátìrì. Òmíràn wà ní bùútù.

Lánàá mo tún sùn sí oko Ìmálà yẹn. Aago mẹ́fà àárọ̀ òní, mo gbé mítà: iwájú 12.6, ẹ̀yìn 12.4, fíríìjì ń kọ 4 lórí Celsius. Bí mo ṣe ń wọlé sínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ oko ọjọ́sí ti ń bọ̀ lókèèrè, ó ti ká apá aṣọ sókè.