Màmá ṣubú ní báàlùwẹ̀, wọ́n dẹ̀ láwọn ò lọ sí care home: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, Àǹtí. Màmá mi ti pé ọdún 78, àwọn nìkan ló ń dá gbé ní apá gúúsù London, èmi àtọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wà ní Milton Keynes. Ó ti pẹ́ tí màmá ti wà nílùú yìí, ọmọ ìlú Britain ni wọ́n lórí ìwé. Orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọdún tó kọjá, lóṣù tó kọjá wá ni wọ́n ṣubú ní báàlùwẹ̀. Bọ̀dá mi ní ká kúkú wá care home fún wọn, màmá ní tá a bá gbé àwọn lọ síbi tí wọ́n ń kó arúgbó sí, àwọn ò ní pẹ́ kú. Owó tí wọ́n ní ní báńkì ò ju £9,000 lọ. Ta la máa lọ bá, ṣé owó yẹn náà dẹ̀ ni wọ́n máa gbà tán lọ́wọ́ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọ̀rọ̀ care home yẹn, ẹ fi màmá lọ́kàn balẹ̀: nígbà tórí wọn ṣì pé tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́, kò sẹ́ni tó lè fipá gbé wọn lọ síbì kankan, bọ̀dá yín ò lè ṣe é, káńsù náà ò lè ṣe é. Ìrànlọ́wọ́ tó pọ̀ ló wà tó lè bá wọn nínú ilé tí wọ́n wà yẹn.

Káńsù ibi tí màmá ń gbé lẹ máa pè o, kì í ṣe ti Milton Keynes. Ẹ béèrè ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní adult social care, ìyẹn àwọn tó ń rí sí ìtọ́jú àgbàlagbà, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ ṣàkó pé care needs assessment, ìyẹn àyẹ̀wò ìtọ́jú tí wọ́n nílò, lẹ fẹ́ fún màmá lábẹ́ òfin Care Act 2014. Ẹ má kàn sọ pé ẹ ń wá ìrànlọ́wọ́, torí tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ báyẹn, nọ́ńbà ibòmíì ni wọ́n á fún yín, àwọn ìyẹn náà á tún júwe ibòmíì. Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, ẹ fi ímeèlì tì í lẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn náà, kó lè wà lákọsílẹ̀. Ohun tí òfin yẹn sọ ni pé ẹni tó bá ti jọ pé ó nílò ìtọ́jú, káńsù gbọ́dọ̀ wá yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò, ì báà lówó kó má lówó, kò dẹ̀ sí kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ máa san fún àyẹ̀wò yẹn.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ àwa Yorùbá lọ́wọ́ ni ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn gan-an. Sóṣà wọ́kà ni mí, mo ti jókòó ní pálọ̀ àwọn màmá wa gan-an, mo mọ bó ṣe máa ń lọ. Màmá ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ láti káńsù, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n ti wọ léèsì, ìrẹsì ti wà lórí tábìlì, àlejò ò dẹ̀ ní lọ láìjẹun. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè dá wẹ̀, wọ́n ní "ah, yes o, we thank God". Ṣé wọ́n lè dáná? Wọ́n ní ṣebí oúnjẹ àwọn ló ń jẹ yìí. Lọmọ ọlọ́mọ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra wọn, ó kí wọn, ó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé látọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú, màmá ò wọnú báàfù mọ́, táwẹ́lì tútù ni wọ́n fi ń nura níwájú síńkì, wọ́n á di síńkì mú lọ́wọ́ kan, wọ́n á fi ọwọ́ kejì nura. Kò dẹ̀ sẹ́ni tó sọ fún un pé inú kúlà lọmọ wọn ti gbé ìrẹsì yẹn wá lọ́jọ́ Sátidé.

Màmá ò purọ́ o. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ni, èèyàn kì í sọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ ara ẹ̀ fún àjèjì, tí wọ́n bá dẹ̀ bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, a dúpẹ́ ni ìdáhùn ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, níbí yìí gan-an lòwe yẹn ti ń ṣẹ.

Ohun tí wọ́n ń wò ni jíjẹ mímu, ìwẹ̀, ilé ìgbẹ́, aṣọ wíwọ̀, rírìn nínú ilé láìséwu, ìmọ́tótó ilé, lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, rírí ẹbí àtọ̀rẹ́, àtàwọn mélòó kan sí i. Tó bá ti tó méjì tí àìsàn tàbí àìlera ò jẹ́ kí màmá lè ṣe, tó dẹ̀ ń ni wọ́n lára gan-an, wọ́n yẹ fún ìrànlọ́wọ́ nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wá mọ̀ ni pé tí màmá bá lè ṣe nǹkan ọ̀hún, àmọ́ tó ń dùn wọ́n, tàbí tó ń gbà wọ́n lákòókò ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí wọ́n lè ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, òfin kà á sí pé wọn ò lè ṣe é ni. Torí náà tí wọ́n bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ ni lásán ò tó ìdáhùn, kí wọ́n sọ pé àwọn máa ń fi ìdí wọ́ ọ ni, pé táwọn bá dókè àwọn á jókòó síbi bẹ́ẹ̀dì mí fún ìgbà díẹ̀ kára tó wálẹ̀.

Ẹ wá ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ẹ̀ títí ọjọ́ yẹn á fi pé, ọjọ́ tára le àtọjọ́ tí ò le, títí kan iye ìgbà tí wọ́n ń dìde tọ̀ lóru. Ẹ fi ránṣẹ́ kí àlejò tó dé, kẹ́yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bọ̀dá yín náà tó bá ṣeé ṣe, kó lè fetí ara ẹ̀ gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá, bí màmá tiẹ̀ gbọ́ òyìnbó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ inú ara, èdè abínibí lèèyàn fi ń sọ ọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣe ògbufọ̀ o! Àwọn nǹkan kan wà tí màmá ò ní fẹ́ gba ẹnu ọmọ wọn sọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ rọra bá wọn sọ̀rọ̀ pé èyí kì í ṣe bárà, ọjọ́ orí wọn àtàìlera wọn ni òfin ń tọ́jú.

Tó bá kan owó, £9,000 yẹn ò séwu. Ní England, ẹni tí owó ìfipamọ́ ẹ̀ ò bá tó £14,250, wọn kì í ka owó yẹn rárá. Ẹni tó bá ní ju £23,250 lọ ló máa fi owó ara ẹ̀ san gbogbo ẹ̀. Pẹ́ńṣàn ni wọ́n máa wò, wọ́n lè ní kí màmá dá díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ iye kan wà tí òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún wọn láti fi gbọ́ bùkátà. Ilé ńkọ́? Tó bá jẹ́ inú ilé ni ìtọ́jú ti ń bá wọn, wọn kì í ka ilé mọ́ owó. Scotland àti Wales ní ìlànà tiwọn o.

Báàlùwẹ̀ yẹn, ẹ má dúró dìgbà tí gbogbo ètò bá parí. Ẹ ní kí wọ́n rán occupational therapist wá wò ó, ìyẹn ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe kí aláìlera lè máa lò ó láìséwu. Irin ìdìmú ara ògiri, àga tí wọ́n ń gbé sórí báàfù, àtẹ tó ń gbé ìjókòó ilé ìgbẹ́ ga, tí wọ́n bá rí i pé màmá nílò wọn, ọ̀fẹ́ làwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ tówó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò bá ju £1,000 lọ. Tó bá di pé kí wọ́n yọ báàfù kúrò fi ṣáwà síbẹ̀, Disabled Facilities Grant, owó tí káńsù fi ń ranni lọ́wọ́ láti tún ilé ṣe fún aláìlera, wà fún ìyẹn, ó lè tó £30,000 ní England, àmọ́ wọ́n máa wo owó tó ń wọlé fún màmá àtèyí tí wọ́n ní ní báńkì.

Tí wọ́n bá gbà láti fún wọn ní kéérà, ìyẹn ẹni tó máa wá tọ́jú wọn nílé, ẹ bi wọ́n léèrè direct payment. Owó ìtọ́jú yẹn ni káńsù máa fún màmá kí wọ́n fi gba ẹni tó wù wọ́n, ẹ lè rí obìnrin tó gbọ́ Yorùbá, tó mọ àmàlà rò, tí màmá ò ní máa tijú tó bá ń wẹ̀ wọ́n. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ fáwọn màmá wa. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ di ọ̀gá iṣẹ́ nìyẹn, owó oṣù, ìnṣọ́ránsì, ọrùn yín ló wà, wọn kì í dẹ̀ sábà jẹ́ kẹ́ ẹ fi san owó fún mọ̀lẹ́bí tó ń bá màmá gbé inú ilé kan náà.

Lọ́tọ̀ sí ti káńsù, Attendance Allowance wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ti tó ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn tó dẹ̀ ti nílò ìrànlọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà ló wà fún, wọn kì í wo owó báńkì rárá. Láàárín April 2025 sí April 2026, £73.90 ni lọ́sẹ̀, tàbí £110.40 fún ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ tọ̀sán tòru. Ẹ pe 0800 731 0122 kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, torí tẹ́ ẹ bá dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ tẹ́ ẹ pè ni wọ́n á ti máa ka owó yẹn. Ẹ má tún kọ "a dúpẹ́" sínú fọ́ọ̀mù o, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.

Owó yìí tún lè mú kí Pension Credit màmá, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń kún owó arúgbó tówó tó ń wọlé fún un ò tó, pọ̀ sí i, pàápàá torí pé wọ́n ń dá gbé. Tẹ́ ẹ bá wá ń rò ó pé kẹ́yin náà gba Carer's Allowance lórí wọn, ìyẹn owó tí ìjọba ń fún ẹni tó ń tọ́jú aláìlera, ẹ rọra, torí ó lè gé lára owó tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ pe Age UK, àjọ aláàánú tó ń ran àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́, 0800 678 1602, wọ́n á bá yín ṣírò ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin míì tí màmá yín wá kí yín lórí físà, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ sí físà wọn pé wọn ò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, ẹ má fọwọ́ kan Attendance Allowance o, ó lè ba ìwé wọn jẹ́. Ẹ rí lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú ná.

Tí káńsù bá wá ní màmá ò yẹ fún ìrànlọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀, ó di dandan fún wọn lábẹ́ òfin. Tí ohun tí wọ́n kọ ò bá bá ohun tó wà nínú ìwé yín mu, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí káńsù fúnra ẹ̀, tí ìdáhùn ìyẹn ò bá tún tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Local Government and Social Care Ombudsman, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí aráàlú bá ní sí káńsù. Wọn kì í gbowó.