Kí ẹ tó ra probiotic fún àgùntàn yín

Ẹ ní àgùntàn yín kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́ lẹ́yìn oògùn apakòkòrò (antibiotic), ẹ wá ń béèrè probiotic, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe ikùn lóore, tí ẹ lè rà àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé etí lé ìhà òsì rẹ̀ ná. Ikùn tó dá ṣáṣá máa ń kùn bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan.

Ti àgbò tèmi dákẹ́ pátápátá. Ó já wọ ibi tí a ń kó àgbàdo sí lóru, ó jẹ ẹ́ kọjá ààlà. Dókítà ẹran tó dé kò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó rọ ọ́ ní apakòkòrò, ó gbowó, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni àgbò ti ń payín keke, ìgbẹ́ gbuuru tó ń rùn kíkan ń bọ́, ojú rẹ̀ jìn wọnú, kò lè dìde. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi pé àgbàdo àjẹjù ń di ásíìdì nínú ikùn: pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ikùn ṣe kan sí (bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ó ń kan sí i), tó yẹ kó wà láàárín 6 sí 7 á já sísàlẹ̀ 5.5, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá a da koríko á sì kú. Apakòkòrò tí wọ́n rọ ọ́ wá pa ìyókù, ẹ wo iṣẹ́ dókítà!

Àpọ̀jẹ tí darandaran àgbà kan bá mi gbà lẹ́nu àgùntàn tí kò ṣàìsàn, tí a pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a sì rọ ọ́, pẹ̀lú koríko gbígbẹ, ló gbé e dìde. Tí ẹ bá ń rọ tiyín, ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè jù, kó má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró.

Probiotic inú páálí ńkọ́? Ìwúkàrà (yeast) alààyè, Saccharomyces cerevisiae, ni kí ẹ wá. Apakòkòrò kì í pa á bó ṣe lè pa Lactobacillus, bakitéríà tó wà nínú àwọn probiotic mìíràn, ṣùgbọ́n omi gbígbóná á pa á. Ìwọ̀n rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ti ara páálí.

Ẹ sì ṣọ́ra o! Èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ lè ní kọ́pà (bàbà) púpọ̀. Àwọn tó ń tà á á ní ẹran ni ẹran. Irọ́ ni. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn á máa tọ́jú kọ́pà yẹn pamọ́ títí, lọ́jọ́ kan ìtọ̀ rẹ̀ á pupa, ó di òkú. 

Tó bá ti ń jẹun padà, àgbàdo díẹ̀díẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, koríko ni kó sì kọ́kọ́ jẹ.